Èèyàn 10 tàbí èèyàn 150: ìpinnu kan nínú ayé Fred Brooks

Nígbà tí Frederick Brooks, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, kú ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní Chapel Hill, ìpínlẹ̀ North Carolina, lẹ́ni ọdún 91, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣèdárò rẹ̀: pé iṣẹ́ software (ìyẹn àwọn ètò tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà) tó bá ti pẹ́, tí a bá tún kó èèyàn kún un, ṣe ni yóò túbọ̀ pẹ́ sí i. Òfin Brooks ni wọ́n ń pè é. Lóòótọ́, òun ló sọ ọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n fi rántí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀gá iléeṣẹ́ ńlá ṣe di olùkọ́ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ibòmíràn ni kó wò. Kó wo ọjọ́ tí máníjà méjì wá bá Brooks, tí ọ̀kan ní èèyàn 10, tí èkejì ní èèyàn 150, tí Brooks sì gbéṣẹ́ fún ẹni tí kò yẹ kó gbé e fún. Ọ̀rọ̀ ìpinnu yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Durham, ní North Carolina, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1931. Greenville ló ti dàgbà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Duke, ó sì parí rẹ̀ ní 1953. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Harvard, sọ́dọ̀ Howard Aiken tó ṣe Mark I, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1956. Ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM gbà á síṣẹ́ ní Poughkeepsie, ìpínlẹ̀ New York. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí Stretch, ẹ̀rọ tí IBM fẹ́ kó yára ju gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà lọ. Òun àti Dura Sweeney ló jọ ronú ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, kó dá ohun mìíràn tó ń pè é lóhùn, kó sì padà síbi tó ti ń bọ̀. Irú ètò yẹn wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí.

Ní 1961, Brooks ń darí ètò fún ìdílé kọ̀ǹpútà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní 8000. Bob Evans, ọ̀gá kan ní IBM, dé, ó yẹ ètò náà wò, ó ní kí wọ́n pa á tì. Brooks kò gbà. Ó bá Evans fà á fún bí oṣù mẹ́fà, ìpàdé lórí ìpàdé, àmọ́ Evans ló borí. Ohun tó tẹ̀lé e ya Brooks gan-an lẹ́nu: ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jà yìí kan náà ló pè é, tó ní kó wá ṣe olórí iṣẹ́ tí yóò rọ́pò èyí tí òun pa. Evans kò fi ìjà náà ṣe ìkà fún un. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn nìkan tó láti fi mọ irú ọ̀gá tí Evans jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í dárí ji ẹni tó bá ti tako òun ní gbangba, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó gbé iṣẹ́ tó tóbi jù fún un.

Iṣẹ́ náà tóbi lóòótọ́. Oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà ni IBM ń tà nígbà yẹn, èyí kò gbọ́ èdè tọ̀hún. Iléeṣẹ́ tó bá ń lo kọ̀ǹpútà 1401 ti IBM, tí iṣẹ́ rẹ̀ wá pọ̀ débi tó fi nílò ẹ̀rọ tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kó tún gbogbo pírógíráàmù rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé yóò tún un kọ náà ni, kí ló dé tí kò ní yẹ ọjà àwọn iléeṣẹ́ míì wò? Ẹ̀rù ìyẹn ń ba IBM. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n pè ní SPREAD jókòó ní ìparí ọdún 1961, wọ́n sì gbé àbá wá nínú oṣù Kejìlá pé kí IBM fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, kó ṣe ìdílé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, láti orí kékeré dé orí ńlá, tí pírógíráàmù kan náà yóò máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn. Orúkọ tí wọ́n padà sọ ọ́ ni System/360. Ìwé ìròyìn Fortune pè é ní tẹ́tẹ́ bílíọ̀nù 5 dọ́là.

Gene Amdahl àti Gerrit Blaauw ló wà nídìí bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe rí, abẹ́ Brooks ni wọ́n sì wà. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí báìtì, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà tàbí àmì kan mọ́. Amdahl fẹ́ kí báìtì kan jẹ́ bíìtì 6 (bíìtì kan jẹ́ 0 tàbí 1), nítorí owó tí yóò dín kù. Bíìtì 6 kò lè ya àmì tó ju 64 lọ: lẹ́tà ńlá 26, nọ́ńbà 10, àmì ìṣirò díẹ̀, àyè ti ń tán nìyẹn. Bíìtì 8 ń fúnni ní 256, lẹ́tà kékeré sì ráyè wọlé. Brooks ní bíìtì 8 ni wọn yóò lò. Nígbà tó darúgbó, tó ń sọ ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo èyí tó ti ṣe rí, òun ló dárúkọ. Báìtì oníbíìtì 8 yẹn ni gbogbo ayé ń lò dòní. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀gá tí kò mọ ìpinnu ṣe ni mò ń ròyìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964, IBM kéde System/360 fáyé gbọ́: kọ̀ǹpútà oríṣi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú dísíkì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọ̀pọ̀ ohun èlò míì tí wọ́n lè so mọ́ wọn. Oníbàárà rọ́ wá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe irin àti wáyà nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní operating system, ètò tí yóò máa darí ohun gbogbo tó ń lọ nínú rẹ̀: iṣẹ́ wo ló kàn, ta ló ń lo mémórì, kí ló ń bọ̀ láti orí dísíkì. Ètò yìí, tí wọ́n pè ní OS/360, kò tíì sí. Brooks ti ń múra àtilọ. Ó ti bá Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill ṣàdéhùn pé òun ń bọ̀ wá dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún wọn. Ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó kọjú sí OS/360, lórí àdéhùn pé ní 1965 òun yóò lọ.

Ibẹ̀ ni máníjà méjèèjì ti wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé kan tí yóò ṣàlàyé lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ bí ètò náà yóò ṣe máa hùwà sí ẹni tó ń lò ó. Tí olùlò bá pa àṣẹ báyìí, kí ni yóò ṣe? Tí àṣẹ náà bá ní àṣìṣe nínú, kí ni yóò wí? Ọ̀nà tí ètò náà yóò gbà ṣe é nínú lọ́hùn-ún kò sí nínú ìwé yìí rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa kọ pírógíráàmù nìyẹn. Ohun tí Brooks ní láti pinnu ni ta ni yóò kọ ìwé náà.

Máníjà àkọ́kọ́ ló ń darí ikọ̀ tó ń gbé ètò kalẹ̀. Èèyàn 10 tó mọṣẹ́ dunjú ló ní. Ó ní àwọn lè kọ ọ́, yóò sì dára, àmọ́ oṣù 10 ni yóò gbà, èyí tó fi oṣù mẹ́ta ju àyè tí wọ́n ní lọ. Máníjà kejì ló ń darí àwọn tí yóò kọ apá tó jẹ́ ọkàn OS/360 gan-an, èèyàn 150. Ó ní kí wọ́n gbé e fún àwọn, kí àwọn 10 yẹn kàn máa bá àwọn ṣe kòkárí rẹ̀. Yóò dára, yóò ṣeé lò, kò sì ní pẹ́ rárá. Ó wá fi èyí tó le dáhùn jù kún un: tí wọ́n bá gbé e fún àwọn 10, ṣé àwọn 150 èèyàn òun yóò wá káwọ́ gbera fún oṣù 10 ni?

Máníjà àkọ́kọ́ dá a lóhùn pé tí Brooks bá gbé e fún àwọn 150, oṣù mẹ́ta náà ni yóò fi pẹ́, kò sì ní dára tó èyí tí àwọn ìbá ṣe.

Brooks gbé e fún àwọn 150. Ó pẹ́ oṣù mẹ́ta. Kò sì dára tó. Nígbà tí Brooks fúnra rẹ̀ ṣírò ó lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá, ó ní bí ètò náà kò ṣe ní èrò kan ṣoṣo nínú fi bí ọdún kan kún àkókò tí wọ́n fi wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ.

Kí ló mú èèyàn tó gbọ́n bẹ́ẹ̀ yan bẹ́ẹ̀? Tí a bá jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ náà, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Owó oṣù èèyàn 150 fún oṣù 10 jẹ́ iye tí akọ̀wé owó lè kọ sílẹ̀, tí ọ̀gá àgbà lè fi ojú rí, tó sì lè bi ọ́ pé kí ló fa sábàbí. Ohun tí ìwé tí kò ṣọ̀kan yóò ná iléeṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì kò sí lórí ìwé kankan. Oṣù mẹ́ta tí máníjà àkọ́kọ́ sọ ní tààrà pé òun yóò fi pẹ́ dàbí ẹ̀ṣẹ̀. Ìlérí máníjà kejì dùn létí. Ẹni tó bá sọ òótọ́ nípa àkókò ló máa ń jẹ̀bi nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa gbà gbọ́, ọwọ́ 150 sì pọ̀ ju ọwọ́ 10 lọ.

Ohun tó wá ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Brooks ti rí ọ̀nà tó dára pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ìwà tí ẹ̀rọ System/360 yóò máa hù, èyí tó mú kí pírógíráàmù kan náà máa ṣiṣẹ́ lórí kékeré àti ńlá, èèyàn díẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, kí àwọn ẹnjiníà tó pọ̀ tó wá lọ kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé orí software, ó jọ pé ó rò pé nǹkan mìíràn ni. Ó tún wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn 150 yẹn kì bá tí káwọ́ gbera rárá: wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí bí wọn yóò ṣe to nǹkan nínú mémórì, bí dátà yóò ṣe máa lọ láti ibì kan sí ibòmíràn, ọgbọ́n ìṣirò wo ni wọn yóò lò, nígbà tí àwọn 10 ń kọ ìwé lọ. Iṣẹ́ méjèèjì lè máa rìn pọ̀.

Ìyókù iṣẹ́ náà fi hàn bí ohun tó tóbi ṣe ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó di odidi rẹ̀ mú. Wọ́n pín mémórì fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan: tìrẹ kò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ. Wọn kò pín iye ìgbà tí ikọ̀ kan lè lọ kó nǹkan wá láti orí dísíkì. Nítorí náà, ẹni tí àyè rẹ̀ kò bá gbà á, ó kàn ń gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ sórí dísíkì, ó sì ti bọ́ nínú wàhálà tirẹ̀. Kò sí ẹni tó rú òfin. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe àdánwò lórí àwòṣe ètò náà, wọ́n rí i pé pírógíráàmù tó ń túmọ̀ èdè Fortran fún kọ̀ǹpútà Model 65, ẹ̀rọ tó lágbára dáadáa nínú ìdílé System/360, yóò máa túmọ̀ gbólóhùn 5 péré ní ìṣẹ́jú kan. Kálukú ti dáàbò bo igun tirẹ̀. Ilé náà ló ń jó.

Ìwé iṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Brooks fẹ́ kí gbogbo pírógíráámà rí ohun tí gbogbo èèyàn yòókù ń ṣe, nítorí náà wọ́n ní ìwé kan tí gbogbo àpèjúwe iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà bí 100 sì wà ní ọ́fíìsì wọn ní Manhattan. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìwé náà ti nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Àtúnṣe tó ń wọlé lójoojúmọ́ tó ojú ìwé 150, tí kálukú gbọ́dọ̀ fi sí àyè rẹ̀ nínú ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n padà sọ ọ́ di fíìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà, ìyẹn sì gbà wọ́n lọ́wọ́ bébà, àmọ́ kò gbà wọ́n lọ́wọ́ kíkà.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ pẹ́, wọ́n sì ń kó èèyàn kún un. Ní ìgbà tó pọ̀ jù, ó ju èèyàn 1,000 lọ tó wà nídìí OS/360: pírógíráámà, àwọn tó ń kọ ìwé ìlò, àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ, akọ̀wé, máníjà. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti 1963 dé 1966, Brooks fojú bù ú pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i tó iṣẹ́ èèyàn 5,000 fún ọdún kan. Àwọn oníbàárà tó ní ẹ̀rọ kékeré kò lè dúró; IBM sáré ṣe DOS/360 fún wọn kí wọ́n máa lò ó ná. OS/360 dé ní ìgbẹ̀yìn. Ó pẹ́, ó ń jẹ mémórì ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìlọ́po ìlọ́po iye tí wọ́n dá lé e ló ná wọn, ó sì di ẹ̀yìn àtúnṣe bíi mélòó kan kí ó tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa. System/360 fúnra rẹ̀ tà wàràwàrà, ó sì sọ IBM di ọba ọjà kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ náà já sí asán.

Kí Brooks tó kúrò ní IBM ní 1965, Thomas J. Watson Jr., ọ̀gá àgbà pátápátá, bi í léèrè pé: ó ti darí ẹ̀rọ, ó ti darí software, kí ló dé tí software fi ṣòro láti darí ju ẹ̀rọ lọ? Brooks kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Ọdún 10 ló gbà á. Ìwé tó gbé jáde ní 1975, The Mythical Man-Month, ni èsì náà, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àbùkù OS/360 jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀ ní 1964 àti 1965, nítorí náà ọrùn òun ni kí wọ́n kó o sí. Ó sọ ìtàn máníjà méjèèjì, ó ní máníjà àkọ́kọ́ ló jàre lórí ohun méjèèjì tó wí.

Ìwé náà ni òfin Brooks ti jáde. Àlàyé rẹ̀ kò le. Ẹni tuntun tó bá dé, ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ẹni kan ń ṣe tẹ́lẹ̀ yóò ní láti pín sí méjì, pípín náà sì ń gba àkókò. Lẹ́yìn ìyẹn, iye ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ń pọ̀ ju iye èèyàn lọ. Ẹ jẹ́ ká fi máníjà méjèèjì ṣírò ó: láàárín èèyàn 10, àwọn méjì-méjì tó lè ní ọ̀rọ̀ bára wọn sọ jẹ́ 45. Láàárín èèyàn 150, wọ́n jẹ́ 11,175. Èèyàn fi ìlọ́po 15 pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ fi ìlọ́po tó lé ní 240 pọ̀ sí i. Brooks ní oyún oṣù mẹ́sàn-án, oṣù mẹ́sàn-án ni, iye obìnrin yòówù kí a kó tì í. Nínú ìwé kan náà ló ti gba àwọn máníjà nímọ̀ràn bí wọn yóò ṣe pín àkókò: ìdá kan nínú mẹ́ta fún ríronú sí i, ìdá kan nínú mẹ́fà péré fún kíkọ pírógíráàmù gan-an, gbogbo ìdajì tó kù fún àyẹ̀wò, ìdajì ìyẹn fún apá kọ̀ọ̀kan, ìdajì yòókù fún odidi rẹ̀. Mo rò pé títí dòní, ìdajì yẹn ni àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́.

Ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti máa fi òfin náà sọ pé kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní òun ti mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn kọjá ààlà nígbà tí òun ń sọ ọ́, kí ó lè yé èèyàn ni. Tí a bá fẹ́ sọ ohun tó kọ́ nínú OS/360 bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe iye èèyàn ni. Ọ̀ràn ẹni tí èrò iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀ ni. Àwọn 150 náà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé àwọn 150 kò lè ní ọkàn kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì ń lo ètò náà ni yóò máa kọsẹ̀ lára àríyànjiyàn tí wọn kò parí láàárín ara wọn.

Ní Chapel Hill, ó ti dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní 1964, kí ó tó fi IBM sílẹ̀ pátápátá, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe olórí rẹ̀ fún ogún ọdún. Nínú kíláàsì ìmọ̀ iṣẹ́ software tó ń kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ikọ̀ kéékèèké fún oníbàárà tó wà lóòótọ́, ẹni tó ní ìṣòro tó fẹ́ kí wọ́n bá òun yanjú. Ibẹ̀ ló ti gba ọ̀nà Harlan Mills, onímọ̀ software kan, wọlé: kí ikọ̀ kọ́kọ́ mú ètò kan tí kò tíì ní nǹkan kan nínú ṣiṣẹ́ látòkè délẹ̀, kí wọ́n wá máa fi apá kọ̀ọ̀kan kún un díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò sí ohun mìíràn tó yí ìṣe òun padà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ètò tí kò lè ṣe nǹkan gidi kan bá kọ́kọ́ tan lójú wọn, ó ní inú wọn á dùn débi pé iṣẹ́ á máa yá ju bó ti yẹ lọ.

Ó ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹni tó ń rọ irinṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn, kí ó sì lọ bá àwọn ẹlòmíràn náà níbi iṣẹ́ wọn. Òun tẹ̀ lé e. Láti òpin àwọn ọdún 1960, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì lè fi rí ìrísí purotéènì lójú kọ̀ǹpútà, tí ọwọ́ wọn sì lè ní ìmọ̀lára bí ẹ̀yà kan ṣe ń ti èkejì sẹ́yìn. Kí wọ́n tó kọ́ Sitterson Hall, ilé ẹ̀ka náà, wọ́n ti ṣe é sínú kọ̀ǹpútà, èèyàn sì lè rìn kiri nínú rẹ̀. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè dá òun, Erich Bloch àti Bob Evans lọ́lá papọ̀ fún System/360. Ẹ rántí pé Evans ló pa iṣẹ́ 8000. Ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tẹ̀ lé e ní 1999. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1986, ó sọ pé kò ní sí ọgbọ́n kan ṣoṣo tí yóò mú iṣẹ́ software rọrùn ní ìlọ́po 10 láàárín ọdún 10, nítorí ohun tó le níbẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú irinṣẹ́. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ bínú gidi.

Nígbà tí ìwé 1975 pé ogún ọdún, ó tún un tẹ̀. Kò pa àwọn orí àtijọ́ rẹ́. Ó fi bó ṣe kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì kọ orí tuntun sẹ́yìn, níbi tó ti ka àwọn ohun tó ti sọ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ń sọ èyí tí àkókò ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn wà lára wọn. David Parnas, onímọ̀ software, ti sọ láyé ìgbà náà pé pírógíráámà kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó wà nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni kó mọ̀, kí àtúnṣe inú ibì kan má baà da ibòmíràn rú. Brooks kò gba ìmọ̀ràn náà nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Ní 1995 ó kọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú pé Parnas ló tọ̀nà, òun ni kò tọ̀nà. Ó tún yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà pé kí wọ́n múra láti da ètò àkọ́kọ́ nù. Ó ní ìmọ̀ràn náà gbà pé a máa ń kọ software látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa OS/360 tí kò fi sílẹ̀ títí ó fi darúgbó. OS/360 ní èdè kékeré kan, JCL, tí èèyàn fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ báyìí ni kó ṣe, fáìlì báyìí ni kó lò. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ kò kà á sí èdè rárá. Lójú tiwọn, káàdì díẹ̀ tí èèyàn ń kó ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ ni, nítorí náà kò sí ẹni tó jókòó ti í gẹ́gẹ́ bí èdè. Brooks máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí èdè kọ̀ǹpútà tó burú tó o tí ẹnikẹ́ni ti ṣe níbikíbi rí, kí ó tó fi kún un pé abẹ́ òun ni wọ́n ti ṣe é. Ó tún padà sórí rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 2010 lórí bí èèyàn ṣe ń gbé nǹkan kalẹ̀, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. z/OS, operating system tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá IBM ń lò lónìí, ṣì ń gba JCL.